Ọmọ tó ń tàn níbi ìgbáradì, àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo lọ́jọ́ ìdíje

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, kò ṣeé mú níbi ìgbáradì. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdíje bá ti pé, kì í fẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan òun mọ́, bó bá sì ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, eré ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní kò ní ìtara tó, pé kí a máa fún un lówó lórí góòlù kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìyẹn lè ràn án lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ kọ yìí kò jọ àìnítara lójú mi, nítorí ọmọ tí bọ́ọ̀lù kò wù kì í ṣe bí tiyín ṣe ń ṣe níbi ìgbáradì. Ìtumọ̀ tí ó fún ọjọ́ ìdíje ló yàtọ̀. Richard Lazarus àti Susan Folkman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé ní ọdún 1984 pé ohun méjì ni ènìyàn máa ń gbé yẹ̀ wò kí másùnmáwo tó mú un: kí ni mo lè pàdánù níbí, kí sì ni mo ní tí mo lè fi kojú rẹ̀? Bí ọmọ bá gbà pé iyì òun ló wà nílẹ̀, tí kò sì rí ohun pàtó tí òun lè ṣe, iṣan rẹ̀ á le, ojú rẹ̀ á máa lọ sọ́dọ̀ àwọn olùwòran, á sì máa fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn kí bọ́ọ̀lù má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ti owó góòlù sílẹ̀. Ní ọdún 1971, Edward Deci, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní eré títò kan tó gba ọgbọ́n, ó sì san owó fún apá kan nínú wọn. Nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró, àwọn tó ti gbowó kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ lo àkókò ìsinmi wọn nídìí eré náà mọ́. Ká tilẹ̀ gbàgbé ìyẹn, ọmọ tí wọ́n ń sanwó góòlù fún á máa gbá bọ́ọ̀lù sójú àwọ̀n nígbà tó yẹ kó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá á sì bá a wí.

Ibi tí agbára yín pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu yín lẹ́yìn eré. Bí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá jẹ́ "Ṣé ẹ borí?" tàbí "Góòlù mélòó lo gbá wọlé?", ọmọ á kọ́ láti máa fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn. Ẹ bi í pé kí ló gbìyànjú lónìí tí kò lè ṣe lóṣù tó kọjá. Ẹ má sì bi í lójú ẹsẹ̀ bó bá pàdánù; ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ rọ̀ ná.

Ní ti orí pápá, ẹ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ọ́ kí ó fún un ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, bíi kí ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ìpinnu rẹfirí àti ariwo olùwòran kò sí níkàáwọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ó máa bá wọn jà lọ́kàn. Lẹ́yìn àṣìṣe, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó rọra tú èémí náà jáde, kí ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan fún ara rẹ̀ ("bọ́ọ̀lù tó kàn"), kí ó sì sáré padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni èyí ń mọ́ni lára o: níbi ìgbáradì ni kí ó ti máa ṣe é, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń ka góòlù tí àwọn ẹlòmíràn sì ń wò.

Ṣùgbọ́n bí inú bá ń run ún tàbí tí kò rí oorun sùn ṣáájú ìdíje fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàápàá, ẹ mú un lọ rí dókítà tàbí onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi bọ́ọ̀lù bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.