Oko tíìkì tí Bàbá fi sílẹ̀: ẹ kà á kí ẹ tó tà á

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa fi oko tíìkì hẹ́kítà méjì sílẹ̀ nítòsí Ìlaró. Ọdún 2011 ni wọ́n gbìn ín, mítà méjì-méjì síra; a ò dín in rí. Ìyá méjì ló bí wa. Ẹni tí òun àti Bàbá jọ ń ṣòwò gẹdú ní àwọn á bá wa mójú tó o, àwọn á sì ra gbogbo rẹ̀ lówó kan. Ṣé ká gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ gba ìrànlọ́wọ́ wọn, ẹ má gba owó àfojúdíwọ̀n yẹn. Ẹni tó ń bá yín tajà kọ́ ló yẹ kó tún rà á. Kí wọ́n máa wá oníbàárà, kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn agégi, kí ẹ sì kọ iye tó jẹ́ tiwọn nínú ọgọ́rùn-ún náírà sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka igi. Ẹ wọn mítà 20 níbùú, 20 lóròó, níbi mẹ́rin. Igi 100 ni wọ́n gbìn síbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka èyí tó kù, ẹ ro ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25: iye igi hẹ́kítà kan nìyẹn. Ẹ wá fi téèpù télọ̀ yí ara igi ní mítà 1.3 sókè, bí igbá àyà. Èyí tó bá yí sẹ̀ǹtímítà 94 ti nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Irú wọn ò ní pọ̀, torí igi tí a ò dín ń du oòrùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni. Á ga, á tín-ín-rín, funfun ara rẹ̀ á sì pọ̀ ju pupa inú lọ. Pupa inú yẹn lowó wà.

Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún yìí, kí ẹ tà á bí òpó: èyí tó wọ́, èyí tó la ẹ̀ka méjì nísàlẹ̀, èyí tó tín-ín-rín jù. Bí ẹ bá gé jù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìjì á ṣẹ́ ìyókù. Ẹ kun ọ̀dà pupa sí igi tí ẹ fẹ́ gé níbi méjì, ní àyà àti ní ìdí pátápátá. Báwọn agégi bá lọ tán, kùkùté tí kò bá lọ́dà, igi àjígé ni.

Nínú ìwọ̀n gẹdú ńlá ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹni jẹ. Gẹdú mítà 6 tí àárín rẹ̀ yí mítà 1 jẹ́ kúbíìkì mítà 0.477. Ẹni tó bá ká okùn tó fi wọn àárín náà sí mẹ́rin kó tó ṣírò, 0.375 ló máa pè é. Ìṣirò àwọn àgbà oníṣòwò ni, kò burú, àmọ́ kí owó kúbíìkì kan yáa ga sí i.

Bí Bàbá ò bá ṣe wíìlì, ilẹ̀ ẹbí nìyẹn, igi orí rẹ̀ sì ń bá ilẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni níwájú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láì bi ojúlé ìyá kejì léèrè, ilé ẹjọ́ lè dà á nù. Kí ojúlé méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìgégi lọ́dọ̀ ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro mítà 5 yí oko náà ká títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ewé tíìkì máa ń wọ́ dà sílẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ó sì máa ń gbẹ kórókóró. Iná ọdẹ kan ṣoṣo tó.