Ta Ni Wọ́n Sin Síbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. York la wà báyìí nílùú ọba. Ọgbà kan wà ní Leeman Road, ẹ̀gbẹ́ téṣàn rélùwéè, tí èmi àtàwọn ìbejì mi máa ń gbà kọjá, àgbélébùú òkúta gìrìwò kan ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ 1914 sí 1918 àti 1939 sí 1945 sí i lára. Kẹ́hìndé bi mí pé ta ni wọ́n sin síbẹ̀, mi ò rí nǹkan sọ. Mo yí òkúta yẹn po, mi ò rí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ṣé a tiẹ̀ lè jókòó jẹun níbẹ̀ àbí èèwọ̀ ni? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ẹ sọ fún Kẹ́hìndé pé kò sẹ́nì kankan lábẹ́ ẹ̀. Nígbà ogun 1914 yẹn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kí wọ́n gbé òkú sójà wálé, ibi tónítọ̀hún bá kú sí ni wọ́n á sin ín sí, bóyá Faransé bóyá Bẹ́ljíọ̀m, àwọn míì ò tiẹ̀ ní sàréè rárá torí wọn ò rí òkú wọn. Ìyá tó wà nílé wá ń sunkún, kò ríbi tó máa lọ sun ún sí. Ìdí nìyẹn tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi gbé òkúta tiẹ̀ kalẹ̀, kí ìyá yẹn ṣáà ríbi gbé òdòdó lé.

Edwin Lutyens ló ya àwòrán ti York, òun náà ló ṣe Cenotaph, òkúta ìrántí ogun tó wà ní Whitehall ní Lọ́ńdọ̀nù. Duke of York, ẹni tó padà wá jẹ Ọba George Kẹfà, ló ṣí aṣọ lójú ẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 1925. Ti orúkọ tẹ́ ẹ wá tì, ó wà nínú ìwé ńlá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì York Minster, King's Book of York Heroes ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan orúkọ, ẹ rìn díẹ̀ sí i lọ sí òkúta ìrántí ti ilé iṣẹ́ rélùwéè North Eastern, Lutyens náà ló ṣe é, orúkọ òṣìṣẹ́ wọn 2,236 tó kú sógun ló wà lára òkúta yẹn.

Ẹ jókòó jẹun jàre, ọgbà gbogbo ìlú ni, ẹ ṣáà kó ìdọ̀tí yín. Àtẹ̀gùn abẹ́ àgbélébùú nìkan ni kí àwọn ọmọ má gùn ṣeré, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan àwọn òdòdó pupa olóbìrípo tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ lóṣù kọkànlá, ẹnì kan ló gbé e wá torí èèyàn ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni tàwọn tiwa. Àwọn aláàárù tí wọ́n kó láti Nàìjíríà lọ ru ẹrù ogun ní East Africa, orúkọ mélòó lẹ gbọ́ rí? Lọ́dún 2021, Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun, fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ó kéré tán èèyàn 116,000, púpọ̀ nínú wọn ará East Africa àti Íjíbítì, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan, ó sì lè tó 350,000. Wọ́n tọrọ àforíjì. Ó dáa, àmọ́ orúkọ ni à ń bèèrè.

Ìbéèrè: Bàbá bàbá mi lọ ogun Bọ́mà, kò dé. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? – Adé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Adé, pẹ̀lẹ́ o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì Commonwealth War Graves Commission tí mo dárúkọ lókè yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí wọn ò rí òkú wọn ní Bọ́mà, orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial ní Taukkyan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, àwọn ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀. Má fi orúkọ ìdílé nìkan wá a o, torí akọ̀wé ológun máa ń fi orúkọ ìlú ẹni ṣe sọ́nèèmù, wọ́n á kọ Lawani Ibadan, wọ́n á kọ Musa Ilorin. Gbìyànjú Abeokuta, gbìyànjú Egba, yí sípẹ́lì ẹ̀ padà lóríṣiríṣi. Tó o bá rí i, kọ ọ́ sínú ìwé ilé yín pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, bí ìyá ẹ̀ ṣe ń pè é.