Èsì: Ipa búrọ́ọ̀ṣì nínú àwòrán orí òkúta

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ béèrè ìdí tí ipa búrọ́ọ̀ṣì fi ń hàn nínú lítógíráfì, ìyẹn àwòrán tí a yà sórí òkúta kí a tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ju inú àwòrán tí a fín sára igi lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé a kì í gbẹ́ òkúta náà rárá. Tàdáwà ọlọ́ràá ni ayàwòrán fi ń yà á, lẹ́yìn náà a ó fi omi rẹ òkúta náà; omi kì í sì í bá ọ̀rá rẹ́, nítorí náà ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kọjá nìkan ni tàdáwà ìtẹ̀wé ń lẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1960, ní yunifásítì kan ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán Willem de Kooning fi mọ́ọ̀pù tí a fi ń nu ilẹ̀ ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí òkúta ńlá. Lójú tèmi, dúdú nìkan ló bá irú eré ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mu, torí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń fẹ́ òkúta tirẹ̀.