Lẹ́tà Sí Ẹni Tí Kò Gbé Ayé Rí

Bàbá Onílẹ́tà ń dáhùn ìbéèrè yín

Ìbéèrè: Bàbá Onílẹ́tà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti yẹtí. Bí ọjà bá dá, fóònù ni mo máa ń tẹ̀. Mo rí i níbẹ̀ pé àwọn èèyàn ń kọ lẹ́tà sí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé àwọn Òyìnbó, pé ilé iṣẹ́ kan ní London sì ní akọ̀wé tó ń dá wọn lóhùn nígbà kan. Wọ́n ní nígbà tí òǹkọ̀wé pa á nínú ìtàn, àwọn ọkùnrin so aṣọ dúdú mọ́ apá, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo fi í sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Ni àbúrò bàbá mi bá fèsì pé irọ́ ni, kí n yọ ọ́ kúrò, pé èmi ni mo máa ń kó pàǹtírí wá síbẹ̀. Ṣé irọ́ ni, sà? Ṣé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò sí? — *Onílẹ̀kẹ̀, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Onílẹ̀kẹ̀, o kú ọjà o. Ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ni ìbéèrè rẹ wá, torí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣa lẹ́tà ní pọ́sítọ́fíìsì, ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́ níbí, kí n tó fẹ̀yìntì. Kì í ṣe irọ́. Ó ku ibi kan ṣá, n óò débẹ̀.

Ọdún 1887 ni Arthur Conan Doyle kọ́kọ́ gbé Holmes jáde, ó sì fún un ní ilé 221B, Baker Street. Nọ́ńbà ilé tó wà ní òpópónà náà nígbà yẹn kò tó 221. Ẹ̀yìn tí wọ́n tún nọ́ńbà ibẹ̀ tò ni Abbey Road Building Society, ilé iṣẹ́ tó ń yá èèyàn lówó kọ́lé, kó dé ní 1932, tí ọ́fíìsì wọn gba láti 219 títí dé 229. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ti gbé àpò lẹ́tà kọ́rùn rí kò ní bi mí. Onílẹ́tà kì í béèrè bóyá ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí ní ẹ̀jẹ̀ lára. Àdírẹ́sì ló ń wò. Ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó yìí ni lẹ́tà Holmes ń já sí, títí wọ́n fi yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa fèsì. Lára èsì wọn ni pé Ọ̀gbẹ́ni Holmes ti fẹ̀yìntì sí Sussex, ó ń sin oyin. Èsì yẹn wù mí púpọ̀! Inú ìtàn gan-an ni wọ́n ti fà á yọ, wọn ò sì já ẹni tó kọ̀wé kulẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ohun ìrántí Holmes ní òpópónà kan náà ní 1990, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni lẹ́tà. Èmi tí mo ti rí ìyàwó méjì tó ń du tẹligíráàmù ọkọ, n kò rí irú èyí rí.

Ti ikú rẹ̀ náà, ọdún 1893 ni Holmes sú Doyle, ó bá sọ ọ́ sínú ọ̀gbun omi kan ní Switzerland. Wọ́n ní ó lé ní 20,000 èèyàn tó ṣíwọ́ ríra ìwé ìròyìn Strand nítorí rẹ̀. Nígbà tó di 1901, Doyle kọ ìtàn kan tó ní ó ti ṣẹlẹ̀ kí Holmes tó kú. Ní 1903, ó ní Holmes ò tiẹ̀ kú rárá. Bí alápatà tó ní ẹran ti tán, tí àwọn oníbàárà pariwo, tó wá fa itan yọ lábẹ́ tábìlì.

Aṣọ dúdú ló kù. Àwọn tó ti tú ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà wò kò bá a níbẹ̀. Ẹnu àwọn tó wá lẹ́yìn ló jọ pé ó ti jáde. Nítorí náà, kọ ọ́ sí gúrúùpù báyìí: “Ẹ ṣeun, sà. Mo yọ ti aṣọ dúdú, ti lẹ́tà dúró.” Má fi àwòrán tó ń rẹ́rìn-ín sí i o. Mo mọ̀ yín.

O ní ṣé àgbàlagbà lè ṣe é. Ní 2001, nígbà ètò ìkànìyàn, ó lé ní 390,000 èèyàn ní England àti Wales tó kọ ọ́ pé Jedi ni ẹ̀sìn àwọn, Jedi tó jẹ́ jagunjagun inú fíìmù àròsọ Star Wars. Fọ́ọ̀mù ìjọba ni wọ́n kọ ọ́ sí!

Má sì rò pé Òyìnbó nìkan ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ní Oǹdó, mo ń ṣa lẹ́tà, ọwọ́ mi bá ba àpòòwé kan tí wọ́n fi bébà ìwé iṣẹ́ ọmọléèwé ká. Ẹ̀kọ tútù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ, ó ń bó bí èépá. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́: *Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Igbó Irúnmalẹ̀, lẹ́bàá Òkè-Igbó.* Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé Fágúnwà ti 1938, mọ Kàkó, ọdẹ alágbára inú rẹ̀. Ọmọ Òkè-Igbó gan-an sì ni Fágúnwà. Ẹ̀kọ ò mú un dáadáa, a bá kà á. Ọmọ náà ní kí Kàkó jọ̀ọ́ gbé kùmọ̀ rẹ̀ wá sí ilé ìwé àwọn lọ́jọ́ Ajé, pé ẹnì kan ń gba àkàrà òun. Kò sí sítáǹbù. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n dá a lóhùn, kí n ní Kàkó ń bọ̀. Mo mú bírò. Mo yí àpòòwé yẹn síwá sẹ́yìn: ọmọ náà kò kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìbéèrè: Bàbá, wọ́n ń gbé e kiri pé ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, akọni inú ìtàn ìgbàanì, tó wà lára àpáta lórí òkè Ìdànrè máa ń gba ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, àfi ti àjẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Oǹdó*

Ìdáhùn: Mo ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́, ó gbà á. Ọmọ ọmọ mi ọdún mẹ́fà ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gba ìyẹn náà. Ìyá rẹ̀ kò ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tí òun gùn ti tó, kí ẹni tó bá fẹ́ pe òun ní àjẹ́ máa pè é lọ.