Jẹnẹrétọ̀ Kékeré Tó Ń Rú Èéfín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rú èéfín, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ń dúdú. Ṣé kí n dín ọ́ìlì kù? (Òǹkàwé, Mushin)

Ìdáhùn: Ẹ má fojú díwọ̀n ọ́ìlì rárá! Bí ìwé ẹ̀rọ yín bá ní 50 sí 1 (pẹtiróòlù ìdá 50 sí ọ́ìlì ìdá 1), mìlílítà ọ́ìlì 20 ni fún lítà pẹtiróòlù kan. Lítà 5 á gba 100. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ ti pò ó, kẹ́ ẹ mì ín dáadáa. Tó bá ṣì ń dúdú, ẹ fọ fíltà afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ṣóòkì (ìdérí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ̀rọ) ń ṣí tán. Púlọ́ọ̀gì tó funfun ló burú jù: pẹtiróòlù tó ń bá afẹ́fẹ́ wọlé kò tó, ooru á mú kí písítìn há. Ọ́ìlì inú pẹtiróòlù yìí nìkan ló ń dé bẹ́árìn kírańkì (ohun tí ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì jókòó lé). Ẹ má dín in kù ju ìwọ̀n lọ.