Ọmọ mi ní kí n máa pàlọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mánṣẹ́sítà la wà. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 4, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Reception, kíláàsì àkọ́kọ́ níléèwé níbí. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kó fún un wálé kò ni ín lára. Àmọ́ bí mo bá pàlọ́ fún un ní Yorùbá, n kò ní dé ìdajì tí yóò fi ní kí n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé kí n máa túmọ̀ rẹ̀ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ ná?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyáa wa. Ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ má sì túmọ̀. Ohun tí ojú èmi náà rí nìyẹn ní Lídíìsì níbí, ọwọ́ ara mi ló sì ti wá. Mo ń pàlọ́ bí ẹni ń ka ìròyìn, ọmọ jókòó, kò ríṣẹ́ ṣe.

Àlọ́ àpamọ̀ ni mo fi tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá mi ṣa ẹ̀wà, mo ní, "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Kò mọ tìróò. Mo fi ojú dúdú ara ẹ̀wà hàn án, ó bú sẹ́rìn-ín. Tindí tindí ló ń pe ẹ̀wà títí dòní.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan Ajá tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà ìyàn. (Mo fo ibi tí àwọn ẹranko yòókù ti ń pa ìyá wọn jẹ, kò tíì tó o gbọ́.) Gèlè ìyá ọmọ mi la fi ṣe okùn tí Ajá ń gùn lọ sọ́run. Iṣẹ́ ti ọmọ ò ju kó máa gbe orin, "Àlùjanjankíjan", lọ. Ìyẹn ò sì ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè béèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé orin, òun ló dá a fún mi.

Ẹ má sì bi í pé kí ni àlọ́ kọ́ ọ. Ìbéèrè iléèwé ti tó o.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn, ẹ kà á bó ṣe wà. Ìró lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, "p" tiwọn kì í sì í ṣe "p" tiwa. Bí ẹ bá parí, ẹ padà sórí àwòrán rẹ̀, ẹ wá fi Yorùbá sọ ọ́.

Ìyá mi ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Nínú oṣù kẹfà, aago 9 alẹ́ lù, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run níbí! Mo ní kọ́tìnnì la máa ń fà. Wọ́n ní kí n ṣáà rí i pé ó ṣú dáadáa.