Ẹ lọ gba oúnjẹ yẹn, Àǹtí mi

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dẹ́rù bà yín. Ẹ ní kò fi bẹ́ẹ̀ sóúnjẹ nílé, ọmọ méjì ń wojú yín, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ní tẹ́ ẹ bá lọ food bank, ibi tí wọ́n ti ń fún ẹni tí ò ní lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, Home Office, àwọn tó ń rí sí físà ní UK níbí, máa gbọ́, físà yín á dàrú. Irọ́ ni o, ẹ má dá wọn lóhùn. Food bank ò sí lára public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn. Universal Credit (owó ìrànwọ́ fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò tó), Child Benefit (owó ìrànwọ́ ọmọ), owó ilé tí káńsù ń bá èèyàn san, ìyẹn ni kẹ́ ẹ sá fún. Oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ náà ò kàn wọ́n, ní England níbí ọmọ tó bá wà ní Reception títí dé Year 2 (bí ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje) nílé ìwé ìjọba, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn ń jẹ ẹ́.

Ó yá, ó ku ti ojú tó ń tì yín, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

January 2023 lèmi àtọkọ mi dé Coventry, mo wá ṣe Masters. A ti ta mọ́tò, a ti ṣírò gbogbo ẹ̀, pé a ó máa san owó ilé ìwé díẹ̀díẹ̀. Ló bá di June, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kọ́jà máa pinnu iye ẹ̀, dọ́là kan tó wà ní bíi 470 náírà ti kọjá 750 kóṣù yẹn tó parí. Owó tá a fi pa mọ́ ò tó nǹkan kan mọ́. Èmi ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí ilé ìwé bá wọlé, ti ọkọ mi jẹ́ iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí (warehouse), wọ́n á pè é lónìí, wọn ò ní pè é fún ọjọ́ mẹ́rin. Màámi á pè, wọ́n á ní kí la jẹ, màá ní ìyán. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù, lóṣù yẹn gan-an mo san owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sílé! Ebi ń pa mí, mo ń ra léèsì tí mi ò ní wọ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé àwọn ará London ti ya ahun. (Coventry kì í ṣe London, àmọ́ ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún wọn.)

Ọ́fíìsì tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn ló fún mi ní voucher, ìwé tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ ní food bank. Dókítà yín, ilé ìwé àwọn ọmọ, Citizens Advice (àwọn tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́), gbogbo wọn lè fún yín. Obìnrin tó wà lọ́fíìsì yẹn ò kàn wò mí láwòtúnwò, ó ní èèyàn mélòó ni yín, kí lẹ ò lè jẹ, ṣé ẹ ní sítóòfù, ó parí. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo kọjá níwájú ilẹ̀kùn food bank yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó wọlé, mo fi húùdù borí. Ta ni mo bá lórí ìjókòó, bùrọ̀dá tó ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n wo fóònù wọn, èmi náà wo tèmi, tèmi gan-an ti kú láti àárọ̀. Lọ́jọ́ Sunday wọ́n kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi, títí dòní a ò sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo lọ lápapọ̀. Ẹ̀wà inú agolo yẹn dùn bí ṣúgà, ọkọ mi da ata gígún sí i, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí mo níṣẹ́, Thursday méjì lóṣù mo máa ń lọ to agolo níbì kan náà yẹn. Pásítà làwọn èèyàn ń mú wá ṣáá, èmi ìrẹsì ni mò ń gbé lọ, àti tìmátì, àti kọ́rì òun táìmù. Orúkọ tí mo bá rí lórí voucher, mo ti mọ̀ pé ará wa ni. Mi ò kì í sọ Yorùbá sí wọn, Òyìnbó ni màá sọ, àfi tí àwọn fúnra wọn bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn míì kì í sọ ọ́, mo máa ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú báàgì tó nípọn méjì dání o, agolo wúwo. Tẹ́ ẹ ò bá ní ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣí i nílé, ẹ bèèrè.